Ahọ́n Memunat àti Iyọ̀ Ara Àgbá

Memunat ìyá Ṣàkírù kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn rí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, ilé ọkọ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ilé baba rẹ̀ ju ibi tí ohùn lè dé lọ. Kò lówó, kò kàwé ju èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé kéú lọ, Ṣàkírù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ohun tí àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ ni ẹ̀fọ́. Nínú agboolé kan lẹ́bàá Ìdúmàgbò, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí bí ẹnì kan bá sín ní yàrá kan, wọ́n á kí i láti yàrá kejì, obìnrin yìí ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre àti ata wẹ́wẹ́ nínú ìlàjì àgbá.

Baba rẹ̀ ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò nígbà ayé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ lásán ló fi ń pe ìrun, kò sí ẹ̀rọ kankan, àwọn apẹja sì ń gbọ́ ọ lórí ọ̀sà. Ọkùnrin náà kò gba gbẹ̀rẹ́ lórí ohun tó bá jẹ mọ́ ìmọ́tótó ẹ̀sìn. Bí ajá bá fi ẹnu kan abọ́ nílé rẹ̀, ìgbà méje ni wọ́n ń fọ abọ́ náà, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ fọ̀ ọ́ nígbà kan nínú méje náà. Bó bá rí ẹlẹ́dẹ̀ tó já wá láti ẹ̀yìnkùlé àwọn Àgùdà, ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà. Ilé tí Memunat ti wá nìyẹn.

Àwo tánganran ló ń tà ní ọjà Jankara kí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ tó wú. Nígbà tí kò lè dúró ti àtẹ mọ́, tí ọkọ rẹ̀ sì ti di olóògbé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí ó lè máa ṣe lórí ìjókòó. Ó gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀fọ́ náà hù, ó pọ́n, ó sì kú. Ó tún un gbìn, ó tún kú. Lọ́jọ́ kan ó bu ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó sì tutọ́: iyọ̀ ni. Yanrìn ọ̀sà ni gbogbo ibẹ̀, omi iyọ̀ sì ń yọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ahọ́n rẹ̀ ti di òṣùwọ̀n rẹ̀. Kò sí ilẹ̀ tí yóò gbin nǹkan sí tí kò ní kọ́kọ́ tọ́ wò.

Ó pinnu pé òun yóò ṣe ilẹ̀ tòun, òun yóò sì gbé e kúrò lórí yanrìn. Ó gbẹ́ kòtò tí kò jìn sí ìdí ògiri, ó ń kó èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pòròpórò àgbàdo sí i. Ó ń da imí àgbò tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de Iléyá lé e, àti ìyẹ̀fun pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà, àti eérú ààrò díẹ̀. Á bomi rin ín, á fi ẹní àtijọ́ bò ó, á máa fi igi yí i. Bó bá gbóná jù, á fi ìyẹ̀fun pákó kún un. Bí kò bá gbóná, á fi imí adìyẹ kún un. Nígbà tó bá dúdú, tó fúyẹ́, tó sì ń rùn bí igbó lẹ́yìn òjò, ó di ilẹ̀dú. Igbá méjì ilẹ̀dú sí igbá kan yanrìn tí òjò ti fọ̀ dáadáa, bí ó ṣe ń pò ó nìyẹn.

Àwọn ará ilé fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀ní, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé jẹ́ẹ́, a máa gbé èèpo iṣu dání wá síwájú rẹ̀, á kúnlẹ̀.

"Ìyálé, ẹrù yín rè é o. Ṣé kí n tọ́jú èyí tó wà nínú ikùn mi náà dè yín?"

"Gbé e wá," Memunat á dáhùn. "Ilẹ̀ mi kì í ṣàṣàyàn."

Gbólóhùn yẹn yóò padà wá bá a.

Ọ̀dọ̀ Kẹ́hìndé ló ti rí àgbá. Ará Ìjẹ̀bú ni Kẹ́hìndé, ó ní àtíbàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jankara, ó ń ra àgbá òfìfo láti ẹ̀yìn àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ òyìnbó, ó ń fi ayùn là wọ́n sí méjì fún àwọn alágbàfọ̀. Ó la àgbá mẹ́ta sí ìlàjì mẹ́fà fún Memunat, ó lu ihò sí ìdí wọn kí omi lè máa jò, ó sì kó wọn wá nínú ọmọlanke. Iyọ̀ ṣì funfun lára pákó wọn nínú. Memunat bínú nítorí iyọ̀ yìí. Ó dí àwọn ihò náà, ó pọn omi kún wọn, ó dà á nù, ó tún pọn òmíràn. Lójoojúmọ́ ni ó ń tẹ̀ síwájú, tó ń fi ahọ́n lá inú pákó náà láti mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tán. Ó pẹ́ kí ó tó tán. Lọ́jọ́ tí ahọ́n rẹ̀ kò mú nǹkan kan bọ̀ ju adùn igi lọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àwọn ihò náà, ó sì rọ ilẹ̀dú rẹ̀ sínú wọn.

Láti ìgbà náà, ẹ̀fọ́ kò wọ́n wọn nínú agboolé mọ́. Kódà Àbẹ̀ní jẹ́wọ́ pé ṣọkọ inú àgbá rọ̀ ju ti ọjà lọ.

Ọdún 1956 ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, nínú ààwẹ̀, nígbà tí àwọn òjò ńlá àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àṣà àdúgbò ni pé agboolé kọ̀ọ̀kan ń gbé oúnjẹ ìṣínu fún àwọn tó wà ní mọ́sálásí, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ náà kan agboolé wọn. Wọ́n ti ro ẹ̀kọ, wọ́n ti ń po ẹ̀wà àkàrà, ìkòkò ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ńlá sì wà lórí iná. Láti inú àgbá ni wọ́n ti já gbogbo ẹ̀fọ́ náà. Òjò òru àná ti mú kí ilẹ̀ inú àgbá kan wúwo jù, irin tó dè é ti dípẹtà. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, kí oòrùn tó wọ̀, irin náà já, àgbá náà sì dojú dé, tòun ti ẹ̀fọ́ orí rẹ̀.

Àbẹ̀ní ló sún mọ́ ọn jù. Ó lọ bá a láti gbé e dìde, ó sì dúró gbári.

"Ìyálé! Ìyálé o! Ẹ wá wo ohun tó wà nídìí àgbá yín!"

"Kí ló dé? Ṣé ejò ni?"

"Ejò ì bá dára. Ẹ wá wò ó fúnra yín. N ò ní í fi ẹnu ààwẹ̀ mi pè é."

Memunat tiro dé ibẹ̀. Ìdí àgbá náà ń wo ojú ọ̀run. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kalẹ̀, ilẹ̀ ni ìdí náà ń wò. Wọ́n ti fi irin gbígbóná tẹ àwòrán kan mọ́ pákó náà, òjò sì ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní: ẹranko kan lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sanra, imú rẹ̀ gùn síwájú, ìrù rẹ̀ ká kọrọ. Ọ̀kan nínú àwọn ihò tí Kẹ́hìndé lu gba àárín ikùn rẹ̀ kọjá.

"Ajá ni," Memunat wí. Òun náà gbọ́ pé ohùn òun kò rinlẹ̀.

"Ajá kẹ̀? Ajá wo ló ní irú imú yìí? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, Ìyálé. Ẹran rẹ̀ ni wọ́n kó sínú àgbá yẹn wá láti ìlú òyìnbó." Àbẹ̀ní wẹ̀yìn, ó rí èéfín iná ìdáná. Ó kó ọwọ́ méjèèjì lé orí. "Ẹ̀fọ́! Ẹ̀fọ́ mọ́sálásí! Yéè, àwa la ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ yìí!"

Kì í ṣe ẹ̀fọ́ ló kọ́kọ́ sọ sí Memunat lọ́kàn. Ahọ́n rẹ̀ ni. Ó rí ara rẹ̀ tó tẹ̀ síwájú, tó na ahọ́n sí pákó funfun yẹn, lójoojúmọ́, tó ń mọ̀ ọ́n lára bí iyọ̀ náà ṣe ń dín kù. Ó ń lá a. Òun, ọmọ ládàánì. Ẹ̀jẹ̀ ẹran náà ni iyọ̀ náà mu, òun sì fi ahọ́n òun mu iyọ̀ náà. Ó fara ti ògiri. Kò fẹ́ gbé itọ́ mì.

Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti wà lójú ọ̀nà Jankara, kò fi gèlè bo orí dáadáa. Àwọn tó kí i, kò dá wọn lóhùn. Kẹ́hìndé ń palẹ̀ ayùn rẹ̀ mọ́ nígbà tó dé.

"Màmá, ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí ló lé yín báyìí?"

"Kẹ́hìndé, ẹran kí ló wà nínú àgbá tí o tà fún mi?"

Kẹ́hìndé wo ojú rẹ̀, ó sì gbé ayùn kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹran òyìnbó ni mo sọ fún yín nígbà náà."

"Màlúù ni mo rò! Màlúù oníyọ̀ kò ha ń wá nínú àgbá ni?"

"Ó ń wá. Ti màlúù kọ́ nìwọ̀nyẹn."

"Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà?"

"Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Màmá."

"Ìwọ lo lu ihò sí wọn nídìí. O rí àwòrán yẹn, o sì mú un wọ ilé mi!"

"Mo rí i. Mùsùlùmí lèmi náà, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀." Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. "Ṣùgbọ́n ẹ ò ní ẹ fẹ́ jẹun nínú ẹ̀. Ilẹ̀ lẹ ní ẹ fẹ́ rọ sí i. Mo ní kí ni ilẹ̀ fẹ́ mọ̀ nípa ẹlẹ́dẹ̀? Igi ni mo tà, Màmá. Bí mo bá mọ̀ pé yóò dùn yín, mi ò ní í gbé e wá."

"Mo lá a, Kẹ́hìndé."

"Ẹ lá kí ni?"

"Inú àgbá. Kí n lè mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tán. Mo fi ahọ́n mi lá a."

Kẹ́hìndé fà sẹ́yìn. Ó ti ní àwíjàre fún gbogbo nǹkan yòókù, ṣùgbọ́n èyí bá a lójijì. Ó jókòó sórí pákó rẹ̀, ó di orí mú. "Astafurúláì," ó bẹ Ọlọ́run fún àforíjì. "Astafurúláì. Màmá, ta ló ń lá àgbá?"

Nígbà tí Memunat padà délé, agboolé ti kún. Wọ́n ti sọ ìkòkò ẹ̀fọ́ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ dúró tì í. Sùlè, ọkọ Àbẹ̀ní, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó tún jẹ́ olórí ilé, dúró sí ẹ̀yìnkùlé, ó ti ká apá aṣọ. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ Memunat lára.

"Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Àwọn àgbá yìí, àti ilẹ̀ inú wọn, àti èyí tó wà nínú kòtò, gbogbo rẹ̀ la máa kó dà sí ọ̀sà kí ọjọ́ tó lọ. Ẹ ti wo ojú àwọn ènìyàn?"

Memunat wò wọ́n. Ojú àwọn tó fi ẹ̀fọ́ rẹ̀ tọ́ ọmọ ni. Kò sí ìkankan tó dúró nínú tirẹ̀. Ó wo àgbá márùn-ún tó kù, tí ewé wọn ń tàn nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó sì wo ilẹ̀ dúdú tó tú sílẹ̀ lára ògiri. Ọdún tó ti lò lórí ilẹ̀ yẹn, igbá igbá ló fi pò ó. Bí wọ́n bá kó o dànù, orúnkún rẹ̀ kò lè tún un ṣe mọ́. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, àmọ́ pẹ̀lú ẹnu wo?

Àáfà Jimoh ti mọ́sálásí àdúgbò wọlé kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì. Àbẹ̀ní ló ránṣẹ́ sí i. Ó ti dàgbà, ó ti kéú lọ́dọ̀ baba Memunat, láti kékeré ló sì ti mọ Memunat. Wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ó ní kí wọ́n gbé ìdí àgbá náà wá, ó wò ó pẹ́.

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni," ó wí. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. "Memunat, nígbà tí o gba àgbá yìí, ṣé ẹran wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí, Àáfà. Iyọ̀ ni."

"O fọ̀ ọ́?"

"Mo fọ̀ ọ́ títí iyọ̀ fi tán."

"Kí lo wá rọ sí i?"

"Ilẹ̀, Àáfà. Ilẹ̀ tí mo fi èèpo àti imí àgbò ṣe."

"Ṣé àwa ń jẹ imí àgbò ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì yára dákẹ́.

"Rárá, Àáfà."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ń jẹ ẹ́, àwa sì ń jẹ ẹ̀fọ́. Ohun tó bá ti inú ilẹ̀ hù, Ọlọ́run ló mú un jáde. Ó mọ́."

Àbẹ̀ní wà lórí ìkúnlẹ̀. "Àáfà, ẹ foríjì mí. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe àgbò."

"Mo mọ̀," Àáfà wí. "Mo ti rí àwọn méjèèjì rí."

Sùlè ní, "Àáfà, a gbọ́ ti ẹ̀fọ́. Ilẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Bí o bá wà níbi tí kò sí omi, Sùlè, kí lo fi ń ṣe àlùwàlá? Ilẹ̀ kọ́ ni? Ilẹ̀ ló ń fọ nǹkan."

Nígbà náà ni Memunat sọ ti ahọ́n rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó lè fi pamọ́, Kẹ́hìndé nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé nǹkan náà ṣì wà ní ẹnu rẹ̀, àfi kí ó pọ̀ ọ́. Bí ó ṣe ń sọ ọ́, Àbẹ̀ní fi ọwọ́ bo ẹnu tirẹ̀.

"O mọ̀ nígbà náà?" Àáfà bi í.

"Mi ò mọ̀."

"Ẹni tí kò mọ̀ kò ṣẹ̀. Fi omi yọ ẹnu, kí o sì tọrọ àforíjì."

"Ìgbà méje, pẹ̀lú erùpẹ̀, bí Bàbá ṣe máa ń ṣe?"

"Ti ajá nìyẹn. Èmi kò kà á níbì kankan pé wọ́n fi èyí lé ọ lórí." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Baba rẹ pàápàá kò ní í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Sùlè nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kò sí ẹni tó máa ju Àáfà lọ. Ṣùgbọ́n ìyá Ṣàkírù ló ni ilẹ̀, òun ló sì ń bọ́ wa níbẹ̀. Bí ọkàn òun fúnra rẹ̀ bá gbà á, kó máa wà. Bí kò bá gbà á, mo máa kó o dànù báyìí."

Gbogbo ojú yí sí Memunat. Wọ́n ti dá a láre, síbẹ̀ òórùn àgbá náà ṣì wà lókè imú rẹ̀.

Oòrùn wọ̀, ládàánì pe ìrun. Àáfà fi omi àti dàbínù ṣínu, ó ní kí wọ́n bu ẹ̀fọ́ wá. Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gé ẹ̀kọ, ó fi kó ẹ̀fọ́, ó sì fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. "Ata rẹ̀ pọ̀ jù," ó wí. Sùlè jẹ tẹ̀lé e. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbẹ̀ní jẹ àkàrà gbẹrẹfu ní tirẹ̀, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

Memunat gbé kẹ́tùrù omi, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Àáfà ti ní ìgbà méje kò pọn dandan, àmọ́ ilé tó ti wá kò jẹ́ kó sinmi. Ó yọ ẹnu, ó tutọ́. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Nígbà tó ku ẹyọ kan, ó wá erùpẹ̀ tí yóò fi ṣe é. Ó wo yanrìn ẹsẹ̀ ògiri, ó wo ilẹ̀dú tó tú sílẹ̀ láti inú àgbá. Kò mọ ohun tó mú un ṣe é. Ó bu ilẹ̀dú náà, èyí tó lẹ̀ mọ́ pákó ẹlẹ́dẹ̀ jù lọ, ó fi sórí ahọ́n.

Ó fẹ́ fi omi gbá a jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ahọ́n yẹn kò mọ̀ pé wọ́n ń fọ òun ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ló dojú kọ, bó ṣe ń ṣe é láti ọdún wọ̀nyí. Ó wá iyọ̀ nínú ilẹ̀ náà. Ó wá a ní iwájú, ó wá a ní ẹ̀gbẹ́. Kò rí i. Igbó ló rí, àti òjò, àti eérú díẹ̀. Memunat dúró pẹ̀lú ilẹ̀ lẹ́nu, ẹ̀rù sì bà á bí ẹni tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ láti ibi tí kò rí. Ohun tó lá ní ìgbà náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Kò sí níbì kankan.

Ó yọ ẹnu, ó tutọ́, ó padà sí àárín wọn. Ilẹ̀ ṣì wà létí ètè rẹ̀.

"Sùlè," ó wí, "ilẹ̀ mi kò ní iyọ̀. Ẹ má kó o. Àgbá ni kí ẹ bá mi kó."

Ó jókòó, ó sì bu ẹ̀kọ.

Kẹ́hìndé wá lọ́jọ́ kejì láìgba nǹkan kan, ó tú àwọn àgbá náà palẹ̀, ó kó wọn lọ. Memunat fi bíríkì alámọ̀ àti àfọ́kù àwo tánganran to ebè kéékèèké lára ògiri, ó sì rọ ilẹ̀dú rẹ̀ sí wọn. Títí tí ààwẹ̀ fi parí, ọjà ni Àbẹ̀ní ti ń ra ẹ̀fọ́. Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó wá dúró sí ẹ̀yìn Memunat pẹ̀lú èèpo iṣu nínú abọ́, kò ṣe yẹ̀yẹ́ kankan.

"Ìyálé, ṣé ilẹ̀ yín ṣì ń gbà á?"

"Irú iṣu wo ni?" Memunat bi í. "Níbo lo ti rà á? Inú kí ni wọ́n kó o sí wá?"

Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn láti ìgbà náà, lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá gbé nǹkan wá bá a, títí wọn yóò fi rò pé adájọ́ ni.